Ẹ Má Fi Fìlà Rọ́pò Ọkọ

Alhaja mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbíjáàn níbí, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti jẹ́ kí ẹ máa rìn dé mọ́ṣáláṣí fúnra yín? Mo kí Alhaji, bàbá mi kékeré, tó dúró bíi bàbá fún wa láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àwọn tó ń fọ àwo àti àwọn tó ń sá fún àwo fífọ̀. Mo kí Sìdíkátù àbúrò mi, ìyàwó tó ń múra ilé ọkọ. Kó má rò pé mo bínú sí òun o. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi kọ̀wé.

Ẹ ti ń béèrè fìlà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ ti ń pè mí, tí Alhaji ń pè, tí Sìdí pàápàá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí wásáàpù, pé fìlà Múbáṣíìrù, ọkọ ìyàwó, kò tíì dé Ọ̀fà, àti pé a kò lè so yìgì láìsí fìlà. Ẹ ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbé e sọnù. Mo gbọ́ pé ẹ tilẹ̀ ti ní kí àwọn ọmọkùnrin ilé lọ ká a mọ́ gáréèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n padà. Awakọ̀ kò jalè. Fìlà wà lọ́dọ̀ mi, nínú àpótí aṣọ mi, mo sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí tí ẹ kì í ṣe ará ilé wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé tiwa, bí ọmọkùnrin bá wà ní ìdálẹ̀, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè wálé wá gbéyàwó, àwọn òbí á bá a wá ìyàwó. Wọ́n á fi fọ́tò ọmọge ránṣẹ́ sí i, òun náà á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Lọ́jọ́ yìgì, kò ní sí níbẹ̀. Fìlà rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́. Wọ́n á gbé fìlà náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ á sì bá a gba ọ̀rọ̀ yìgì lẹ́nu Àáfà. Kò ní pẹ́ tí ìyàwó á fi wọ bọ́ọ̀sì, á tọ ọkọ lọ. N kò pe àṣà náà ní burúkú. Ọ̀pọ̀ ilé tó tòrò ló ti inú rẹ̀ jáde. Èmi náà, fìlà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ ọkọ.

Alhaja, ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti fi ohùn mi sọ ọ́ fún yín lórí wásáàpù kí n tó kọ ọ́ síbí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìta wá gbé e bá yín. Mo sọ fún yín pé mo ní HIV, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ní in, pé ara mi le. Ẹ gbọ́ ọ, mo rí i lórí fóònù pé ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ẹ pè ní ọjọ́ kejì, fìlà lẹ tún béèrè. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde. Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ọkọ mi àti lọ́wọ́ Múbáṣíìrù àbúrò rẹ̀. Orúkọ tí mo fi pe àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ wọn gan-an, ẹ̀yin náà mọ̀. Tèmi nìkan ni n kò pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ nípa bí mo ṣe wà. Òjò Àbíjáàn ti bẹ̀rẹ̀, òjò tí kì í bẹ èèyàn kó tó wọlé. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó lè máa rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ọjà á rin gbindin. Mo ti gbé ọjà mi sórí pẹpẹ gíga, bàsíà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ike omi àti abọ́. Ọjà ń tà díẹ̀díẹ̀, ohun tí mo fi ránṣẹ́ á dé ọwọ́ yín. Àwọn oníbàárà ń fi Faransé ná mi lọ́jà, èmi náà ń fi Faransé tí mo kọ́ lójú ọjà fún wọn lésì, Àlíyà ọmọ-ọmọ yín a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín pé Faransé mi ń ta òórùn iṣu Òjòkú ìtòsí Ọ̀fà wa. Ẹnu ọmọ náà mú. Ẹ̀yin ló fi jọ.

Ohun tó ń ṣe mí ni àárò ilé. Lọ́sàn-án, ọjà kì í jẹ́ kí n rántí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn obìnrin ń palẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń dágbére fúnra wọn ní èdè tí kì í ṣe tèmi, ọkàn mi á máa lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé wa, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí tí ẹ ti ń bá gbogbo ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà Ìjàgbò wí, ẹni tí ẹ mọ̀ àti ẹni tí ẹ kò mọ̀. Níbí, kò sẹ́ni tó ń bá mi wí. Ẹni tí kò bá kúrò nílé rí lè rò pé ìgbádùn nìyẹn. Kì í ṣe ìgbádùn. Àárò yìí wà lára ohun tó bí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ.

Ẹ rántí ọjọ́ yìgì mi. Àga méjì ni ẹ fi aṣọ funfun bò. Èmi jókòó sórí ọ̀kan, fìlà Bàbá Àlíyà jókòó sórí èkejì. Atẹ́gùn fẹ́, fìlà já bọ́, gbogbo ilé pariwo pé ọkọ ti ń sá lọ, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣáájú ọjọ́ náà, Àáfà ti ní òun kò ní so yìgì láìrí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ dúró síta, ẹ ń ka tẹ̀sùbáà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kò sí HIV, kò sí nǹkan kan, ẹ fò sókè, ẹ gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Gbogbo ẹni tí a pàdé lọ́nà lẹ ń sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín mọ́ bí omi òjò.

Kò sẹ́ni tó béèrè ti ọkọ. Rárá, kí n má purọ́ mọ́ Àáfà, ó béèrè. Alhaji ló dá a lóhùn pé ṣé wọ́n sọ fún un pé kò sí dókítà ní Àbíjáàn ni, pé àwọn èèyàn ọkọ á ti yẹ ọmọ wọn wò lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ọkọ jókòó síbẹ̀, wọ́n mi orí. Àwọn náà rò pé èsì tèmi ti tó fún àwa méjèèjì, pé bí ìyàwó bá ti mọ́, ilé ti mọ́. Báyìí ni ìdílé méjì ṣe fi ọkàn tán ara wọn, tí kò sẹ́ni tó yẹ ọkọ wò. Fìlà ló sì wà lórí àga. Fìlà kò ní apá tí wọ́n lè gún ní abẹ́rẹ́. Àáfà ṣí ìwé rẹ̀, ó so yìgì.

Mo dé Àbíjáàn, mo bá èèyàn dáadáa nílé. Bàbá Àlíyà máa ń bá mi fọ aṣọ, ó máa ń bá mi gbé ẹrù dé ọjà. Mo sọ ọ́ níbí kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ẹranko tó bá kà dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo lóyún Àlíyà, mo lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, ó di ọwọ́ mi mú kó tó sọ ọ́. Mo ní àṣìṣe ni. Mo ní Ọ̀fà ti yẹ̀ mí wò, ìyá mi ló fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Èsì kò yí padà.

Inú bí mi, Alhaja. Mo bínú sí ọkọ mi, mo bínú sí Alhaji, mo bínú sí yín, mo bínú sí fìlà. Bàbá Àlíyà náà lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n bá a lára rẹ̀. Kò mọ̀ rárá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí òkú kú fún. Mo di ẹrù mi. Mo tú u. Mo tún un dì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé bí mo bá wọ bọ́ọ̀sì, n kò ní mọ ohun tó gbé nǹkan yìí dé ilé mi. Mo jókòó tì í, mo ní kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fi ohunkóhun pa mọ́.

Ohun tó sọ ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń fọmọ ránṣẹ́ sí ìdálẹ̀ gbọ́. Ó ní òun kò tíì gbó nígbà tí òun fi Ọ̀fà sílẹ̀. Yàrá kan ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ ilé wa há sí, tí wọ́n ń sùn bí ẹja inú agolo. Owó tí wọ́n bá rí, ilé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí, nítorí ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, àwọn ará ilé á ní ó ti sọnù. Wọn kò lè gbéyàwó títí ohun ìyàwó fi máa pé, léèsì, àpótí, ẹ̀bùn àna, èyí tó ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Ọdún ń gorí ọdún. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, tí àárò ń pa, ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń bá ṣọ̀rẹ́, àlejò ni púpọ̀ nínú wọn bíi tiwọn. Ọkọ ti já àwọn kan sílẹ̀, ọjà ti wó mọ́ àwọn mìíràn lórí. Wọn kò lè ní kí ọkùnrin lo kọ́ńdọ̀mù, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ wọn wà. Mo wá ẹranko nínú ìtàn náà, n kò rí.

Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ará yàrá náà ṣàìsàn títí tó fi gbẹ. Wọ́n gbé e kiri ilé aládùúrà àti ilé oníṣègùn. Wọ́n ní ayé ni, pé ẹni tó ń jowú ìsọ̀ rẹ̀ ló na ọwọ́ sí i. Nígbà tó kú, wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé pé ọ̀tá ló pa á. Nígbà tó sì ti jẹ́ pé ọ̀tá ló pa á, kò sí ìkankan nínú wọn tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣebí ọ̀tá olóògbé ni, kì í ṣe ọ̀tá tiwọn. Bàbá Àlíyà wà lára àwọn tó gbé òkú náà.

Bí kòkòrò yìí ṣe ń rìn nìyẹn. Kò lẹ́sẹ̀ tó lè gbé e láti Àbíjáàn dé Ọ̀fà. Àwa là ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Ìtìjú wa wà lára owó tíkẹ́ẹ̀tì náà, ohun ìyàwó tó wọ́n jù wà níbẹ̀, ọkùnrin tí a kì í bi léèrè wà níbẹ̀, obìnrin tí a kì í jẹ́ kó béèrè náà wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i pé a lè kọ̀ láti san án.

Nílé, lórí rédíò, àrùn kògbóògùn ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ó gbóògùn. Kò tíì sí èyí tó ń lé e kúrò lára pátápátá, ẹ má gba ti ẹni tó bá ní òun ní àgbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú oyún, wọ́n sì bá mi tọ́jú ọmọ nígbà tí mo bí i. Wọ́n yẹ Àlíyà wò, wọ́n tún un wò, kò ní in. Dókítà sọ fún èmi àti bàbá rẹ̀ pé kòkòrò náà ti kéré lára wa débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, àti pé ẹni tó bá wà bẹ́ẹ̀, tí kò dá oògùn rẹ̀ dúró, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Abọ́ tí mo fi jẹun kò kó o ran ẹnikẹ́ni rí. Ẹní tí mo sùn lé náà kò kó o ran ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ti Iléyá tó kọjá. Èmi àti Àlíyà wá sílé, oògùn mi wà nínú ike funfun ní ìsàlẹ̀ báàgì. Ẹ rí i. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wo ikùn mi, nítorí Àlíyà ti ń dàgbà, kò sì tíì ní àbúrò. Ẹ rí kóró oògùn, ẹ kò béèrè. Ẹ pinnu lọ́kàn yín pé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni, pé mo ti kọ́ ìwà àwọn ará Àbíjáàn, pé n kò fẹ́ bímọ mọ́. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá, ẹ gbàdúrà lé e lórí. Nígbà tí mo wá a tì, ẹ wò mí lójú, ẹ ní ọmọkùnrin lẹ fẹ́ gbé jó. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n figbe ta. Bí ṣáláńgá ilé wa bá ní HIV tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ á ti yá.

Oògùn yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fò. Ó yẹ kí n lọ gba òmíràn kíákíá. Ilé ìwòsàn ò jìnnà sí wa, mo lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n aya mọ̀lẹ́bí wa kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé kí n tó délé, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́. Mo purọ́ fún yín pé mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi, mo wọ ọkọ̀ Ìlọrin, mo fi híjáàbù bo ojú dé imú. Nọ́ọ̀sì tó fún mi ní oògùn bi mí ìdí tí n kò fi gba tèmi ní Ọ̀fà. Mo ní mo ń sá fún àwọn tó mọ̀ mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Ìlọrin kan ń wọ ọkọ̀ lọ gba tiwọn ní Ọ̀fà, pé ó jọ pé a máa ń juwọ́ síra wa lójú títì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ padà ni mo tó ronú kan ẹni tí kò ní owó ọkọ̀. Ilé ni onítọ̀hún á jókòó sí. Oògùn á tán lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á máa bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì lè máa kó o ran ẹlòmíràn. Ó dùn mí dé Ọ̀fà.

N kò tíì jókòó dáadáa ní Àbíjáàn tí mo fi gbọ́ pé ẹ ti fi Sìdí fún Múbáṣíìrù. Àwọn àna ní èmi ti tọ́jú ọmọ wọn dáadáa, pé wọ́n fẹ́ já èso mìíràn lára igi kan náà. Inú Sìdí dùn sí i, mo mọ̀. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì sọ fún mi pé bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, òun kì í rántí aṣọ tí òun ń rán mọ́. Mo bi yín pé ṣé wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò. Ẹ ní Sìdí ti ṣe é, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, alhamdulilai. Mo ní Múbáṣíìrù ńkọ́? Ẹ ní ilé tí a ti mọ̀ ni. Ilé tí a ti mọ̀! Alhaja, èmi ni mò ń gbé inú ilé náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbé ẹrù yín lọ sí gáréèjì. Awakọ̀ fi ẹ̀rín pàdé mi, ó ní kí n wá wo ọkọ ìyàwó tí òun ń gbé lọ sí Ọ̀fà. Ó yọ ọ̀rá kan síta. Fìlà àrán dúdú ni, wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣiṣẹ́ sí i yípo. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a dì í dáadáa kó má baà rún. Ó gbé e fún mi pẹ̀lú ọpẹ́. Mo wọ takisí, mo gbé ọkọ ìyàwó lọ sílé.

Múbáṣíìrù gbọ́ ní gáréèjì, ó sì wá bá mi lójú ọjà. Ìsọ̀ tó ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kọjú sí tèmi, kò rìn jìnnà. Ó pariwo pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ń jowú àbúrò ara rẹ̀. Mo ní kó wá bá wa nílé. Nígbà tó dé, mo sọ ohun méjì fún un, pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ so yìgì. Ó fárígá. Ó ní ṣé òun jọ aláìsàn ni, pé ẹ wo bí òun ṣe sanra, pé a kì í fa ọkùnrin síta yẹ̀ wò bí àgbò Iléyá. Mo ní òótọ́ ni, a máa ń yẹ ẹsẹ̀ àgbò wò, a máa ń yẹ ojú àti eyín rẹ̀ wò kí a tó fi ṣe Iléyá, kí ó wá sọ fún mi bóyá ọjọ́ kan tí à ń jẹ ẹran ṣe pàtàkì ju gbogbo ọjọ́ ayé Sìdí lọ. Ó dìde, ó fẹ́ jáde.

Bàbá Àlíyà ló ní kó jókòó. Ó wọlé, ó gbé ike oògùn wa jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ọmọ ìyá rẹ̀ kan tó mọ̀. Ó sọ fún un pé òun náà sanra nígbà tí òun fi fìlà ránṣẹ́ fẹ́ èmi Àbẹ̀ní, pé nǹkan kan kò ṣe òun nígbà náà, pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀, àti pé bí Múbáṣíìrù bá fi fìlà tirẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn ohun tó gbọ́ yìí, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni yóò jẹ́. Mo ti bínú sí ọkùnrin yìí rí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Múbáṣíìrù padà jókòó. Ó wá béèrè pé ṣé ó máa ń dunni púpọ̀ bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ. Òun nìkan ló wọ yàrá, òun nìkan ló gbọ́ èsì rẹ̀. N kò béèrè, n kò sì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí. Èsì ẹni kì í ṣe ohun tí a ń gbé kiri ọjà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó jáde, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Ó ní ohunkóhun tó bá jẹ́, òun fẹ́ fi ẹnu òun sọ ọ́ fún Sìdí lójúkojú, kí àwọn méjèèjì sì tún jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ọ̀fà kí ẹnikẹ́ni tó so ohunkóhun.

Sìdí, àbúrò mi, ọwọ́ rẹ ló kù sí. Kì í ṣe Múbáṣíìrù ni mò ń kọ̀ fún ọ, àìmọ̀ ni mò ń kọ̀. Bí kò bá ní in, ẹ ṣe yìgì yín. Bó bá ní in, oògùn wà, àwọn èèyàn ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì ń bí ọmọ tí ara rẹ̀ pé. O lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, o lè sọ pé rárá. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí èmi rí nìyẹn, pé kí n mọ̀, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Alhaji, bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa fi ọmọ fọ́kọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. N kò bá yín wí nítorí ti tèmi, ẹ kò mọ̀. Lónìí, ẹ ti mọ̀. Bí Àáfà bá tún béèrè ti ọkọ, ẹ má bá ọkọ dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú, kí ó dé Ìjàgbò àti Òjòkú. Kí ó dé Ẹ̀rìn-Ilé náà o. A lè máa bá wọn du ilẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kò bìkítà ibi tí ààlà wà.

Alhaja mi, mo mọ ohun tó pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ ń bẹ̀rù àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí ẹ ti ń bá wí látọjọ́ yìí. Ẹ ń rò pé wọ́n á wá bá yín wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ọmọ ìjàkadì loro Ọ̀fà ni yín, ẹ̀yin náà lẹ bí mi. A kì í bá ohun tí a kò rí jìjàkadì. Mo ti rí tèmi, mo ti dì í mú, ẹ̀yìn rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ yín bóyá òótọ́ ni, ẹ sọ fún un pé òótọ́ ni, kí ẹ sì bi òun náà léèrè pé ìgbà wo ló yẹ ara rẹ̀ wò gbẹ̀yìn.

Èmi àti Àlíyà àti bàbá rẹ̀ ń tẹ̀lé Múbáṣíìrù bọ̀. Fìlà náà ń bọ̀ pẹ̀lú wa. Orí ọkọ ni yóò ti wọ yàrá wá, kì í ṣe orí àga. Bí ẹ bá ti wá tẹ́ aṣọ funfun sórí àga méjì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì ló máa jókòó sórí wọn, tàbí kí ẹnikẹ́ni má jókòó.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Kí Ọlọ́run fi àlàáfíà bo ilé wa, kó dá Alhaji sí, kó fún Sìdí ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ àti ojú tó fi máa rí i. Kó fún ẹsẹ̀ yín lágbára. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin fúnra yín. Bí mo bá dé, n kò ní fi ike oògùn mi sí ìsàlẹ̀ báàgì mọ́. Iwájú yín ni màá gbé e kalẹ̀ sí. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ bá mi bu omi sínú ife tí ẹ fi ń mu tiyín, kí ẹ sì dúró tì mí títí màá fi gbé e mì.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí omi lọ́wọ́ yín,
Àbẹ̀ní